Ṣé Gángan Ṣì Ń Sọ̀rọ̀ Nínú Amplifier Yín?

Tí ẹ bá lọ ra amplifier ní ọjà Alaba, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ máa gbọ́ ni pé watt mélòó lẹ fẹ́. Èkejì ni bóyá ẹ fẹ́ èyí tí béèsì rẹ̀ á mi ilé. Tí ẹ bá wá kúrò ní Alaba, tí ẹ lọ ka ohun tí àwọn òyìnbó tó fẹ́ràn ẹ̀rọ orin ń kọ, ìbéèrè tiwọn yàtọ̀: ṣé piano dún bíi piano, ṣé fáólíìnì dùn létí, ṣé ó dà bíi pé akọrin jókòó síwájú yín? Àwọn ìbéèrè yẹn ò burú. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo rẹ̀, a ò rí ẹni tó béèrè èyí tó kan àwa ọmọ Yorùbá jù: bí ìlù bá sọ̀rọ̀ nínú àwo, ṣé ẹ máa gbọ́ ohun tó sọ?

Èrò tiwa rèé o: yíyan amplifier, iṣẹ́ lámèyítọ́ ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí. Amplifier tí ẹ bá gbé sórí tábìlì wà lára ohun tó ń pinnu ohun tí ẹ máa gbọ́ nínú orin Haruna Ishola àti Sunny Adé, àti ohun tí ẹ ò ní gbọ́ láéláé. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀rọ tó ń bo ọ̀rọ̀ ìlù mọ́lẹ̀ gbọ́ àpàlà fún ọdún mẹ́wàá, tó wá jókòó kọ àròkọ pé àpàlà ò ju ohun tí èèyàn fi ń mi orí lọ, ṣé ẹjọ́ àpàlà ni?

Ẹ jẹ́ ká sọ ibi tá a ti ń sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà là ń ṣe, ilé la sì ti ń ṣe é, ní Satellite Town, ní ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Yàrá kékeré, tábìlì kan, kọ̀ǹpútà kan, sípíkà méjì. Sípíkà yẹn la fi ń gbọ́ ìpàdé ọ́fíìsì láàárọ̀. Òun náà la fi ń gbọ́ orin tí iṣẹ́ bá wọra tán. Ní títì, tánkà epo ń lọ, tánkà epo ń bọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń ké. Festac Town, tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ láti fi gba àwọn àlejò FESTAC ọdún 1977 sílé, wà nítòsí wa. Ọjà Alaba náà wà ní Òjó, kò jìnnà. Àdúgbò tó mọ ariwo nìyí, tó sì mọ ìlù. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì gan-an lọ̀rọ̀ wa.

Àwọn kan á ní ohun òyìnbó ni amplifier, kí ló kàn án pẹ̀lú gángan? Ìtàn jùjú ò gbà bẹ́ẹ̀. Ní Èkó, ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí Túndé King ń kọrin, ẹgbẹ́ jùjú ò ju èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ: gìtá tàbí bánjò, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ìlù jùjú fúnra rẹ̀, àti ohùn. Kò sí gángan níbẹ̀. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Christopher Waterman, kọ ìwé kan tó pe àkọlé rẹ̀ ní Jùjú, tó jáde ní 1990. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni gángan wọ inú jùjú, ní nǹkan bí ọdún 1948, ó sì dárúkọ Àkànbí Wright pé òun ló mú un wọlé. Sáà yẹn náà ni máíkì àti amplifier ń wọ inú ẹgbẹ́ olórin.

Àwọn nǹkan méjèèjì yìí ò ṣèèṣì pàdé. Ohùn èèyàn kan àti gìtá kan tí kò ní iná ò lè dúró níwájú gángan. Ìlù á kàn gbé wọn mì ni. Ìgbà tí wọ́n fi iná gbé ohùn àti gìtá sókè ni àyè tó ṣí sílẹ̀ fún onílù láti lu ìlù rẹ̀ láì pa olórin lẹ́nu mọ́. Nítorí náà, iṣẹ́ tí amplifier kọ́kọ́ bá wa ṣe nínú jùjú kì í ṣe ariwo. Ńṣe ló fi àyè gba ohùn méjì kí wọ́n lè jọ sọ̀rọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun la máa fi díwọ̀n gbogbo ohun tó kù.

Báwo wá ni amplifier ṣe lè ba ọ̀rọ̀ ìlù jẹ́? Igbá tá a fi ń bu omi, ìgbà tó ń lọ, àti igba tí í ṣe ogún lọ́nà mẹ́wàá: lẹ́tà kan náà ni, ohùn ló yà wọ́n. Ìlù ò ní lẹ́tà. Ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀, àti bó ṣe ń fa ọ̀kan lọ bá èkejì, ohun tó ní nìyẹn. Amplifier ò lè sọ ohùn òkè di ohùn ìsàlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí oníṣòwò kankan parọ́ yẹn fún yín. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mẹ́ta ló lè gbà fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ fún yín.

Ọ̀nà kìíní ni béèsì. Bí etí èèyàn ṣe rí ni pé ohùn ńlá tó wà nísàlẹ̀ máa ń bo ohùn kékeré tó wà lókè rẹ̀. Amplifier tí wọ́n bá ti fi béèsì kún láti ilé iṣẹ́ á jẹ́ kí ẹ gbọ́ pé wọ́n lu ìlù, kò ní jẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n fi í sọ. Ọ̀nà kejì ni pé tí agbára amplifier bá tán lójijì, ńṣe ló máa ń gé orí ohùn. Ìlù tó yẹ kó ró kedere á wá dún bí ẹni ń ya páálí. Ọ̀nà kẹta ni ariwo inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ìyẹn híìììì tàbí hùùùù tí kì í tán. Ìparí ohùn gángan, níbi tó ti ń rọra fà á wálẹ̀, ló sábà máa ń rì sínú ariwo yẹn. Ibẹ̀ náà sì ni ìtumọ̀ máa ń wà.

Lójú àwa tí à ń kọ kóòdù, iṣẹ́ amplifier ò ju ìlọ́po kan ṣoṣo lọ: ẹ mú ohun tó wọlé, ẹ fi iye kan sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ jẹ́ kó jáde. Ohunkóhun tó bá tún bù mọ́ ọn, bug ni, kódà kí bug náà dùn létí. Ìdí nìyí tí a ò fi bá àwọn tó ń yin amplifier onívalve kọrin. Púpọ̀ nínú wọn máa ń jẹ́ kí sípíkà tí wọ́n bá so mọ́ wọn yí ohùn orin padà, kí ibì kan ga, kí ibì kan sì rẹlẹ̀. Ó lè dùn, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wa ò gbọ́dọ̀ máa fi tiẹ̀ kún un.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, BBC ṣe sípíkà kékeré kan tó ń jẹ́ LS3/5A fún àwọn oníṣẹ́ rédíò tó máa ń jókòó sínú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń lọ gba ètò sílẹ̀ níta. Àyè ò sí nínú ọkọ̀, ohun tí wọ́n sì nílò jù ni kí wọ́n gbọ́ ohùn èèyàn kedere. KEF ló ń ṣe àwọn ẹ̀yà tó ń dún nínú rẹ̀. Nígbà tí KEF wá ṣe LS50 ní 2012, sípíkà BBC yẹn ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe, LS50 Meta sì tẹ̀ lé e ní 2020. Irú sípíkà tó yẹ tábìlì iṣẹ́ nìyẹn: olówó ńlá ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ ni baba ńlá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ijó.

Nǹkan méjì ló ṣe pàtàkì nínú ohun tí KEF kọ nípa LS50 Meta. Èkíní, tí ẹ bá fún un ní bíi watt kan, tí ẹ jókòó sí mítà kan, ohùn rẹ̀ á tó decibel 85. Èkejì, ohm 8 ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n níbì kan ó máa ń já wá sí 3.5.

Decibel 85 ti pọ̀ jù fún ẹni tó máa jókòó tì í láti àárọ̀ dalẹ́. 75 tó. Tí ẹ bá fi decibel 10 dín in, ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára lẹ nílò, ìyẹn watt 0.1. Ìlù wá máa ń fò sókè lójijì. Ẹ jẹ́ ká fún un ní àyè decibel 20 lórí 75, ó di 95. Ó di watt 10 nìyẹn. Watt mẹ́wàá péré! Tí ẹ bá fẹ́ ṣọ́ra gan-an, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún, ó di 50. Níbo wá ni ọ̀rọ̀ 3000 watt ti wọlé?

Ẹ wo ara páálí náà dáadáa, ẹ máa rí PMPO lẹ́gbẹ̀ẹ́ 3000 yẹn. PMPO ò ní òfin kankan tó dè é; iye tó bá wu oníṣòwò ló lè kọ síbẹ̀. Nítorí irú àsọdùn báyìí ni àjọ FTC ní Amẹ́ríkà ṣe ṣòfin ní 1974 lórí bí àwọn tó ń ta amplifier ilé ṣe gbọ́dọ̀ wọn agbára rẹ̀ kí wọ́n tó polówó rẹ̀. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́: àgbá òfìfo ní ń pariwo. Ọ̀rọ̀ RMS lẹ máa wá, kẹ́ ẹ sì béèrè pé ní ohm mélòó? Torí pé sípíkà wa ń já wá sí 3.5, amplifier tí wọ́n ò kọ agbára rẹ̀ ní ohm 4 sínú ìwé, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Iná wá ńkọ́? A ò lè sọ̀rọ̀ amplifier ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ká má sọ̀rọ̀ iná. Amplifier tí wọ́n ń pè ní class A máa ń jẹ iná bóyá ó ń kọrin tàbí ó dákẹ́, ó kéré tán ìdajì iná náà ló sì ń di ooru. Ní ìlú olótùútù, ooru yẹn lè wúlò. Nínú yàrá wa níbí, tó jẹ́ bátìrì inverter ló ń gbé kọ̀ǹpútà àti fáànù, ìyà ni. Class D ò rí bẹ́ẹ̀: tó bá ń ṣiṣẹ́ gan-an, nǹkan bí 90 nínú 100 iná tó jẹ ló ń di orin. Láyé àtijọ́, àwọn èèyàn máa ń ní class D ò dùn, pé ohùn rẹ̀ le. Òótọ́ wà níbẹ̀ nígbà náà. Àmọ́ látìgbà tí Bruno Putzeys, ẹnjiníà ọmọ Belgium, ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ ní Philips, ní Hypex, àti lẹ́yìn náà ní Purifi, class D ti di èyí tí òṣùwọ̀n fi hàn pé ó sún mọ́ ìlọ́po tá a sọ lókè yẹn ju ọ̀pọ̀ àwọn àtijọ́ lọ. Nítorí náà, fún tábìlì iṣẹ́ wa, òun la mú.

A ò ní kí ẹ má ra tòkúnbọ̀ o. Sansui, Pioneer, Technics, àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ wọ̀nyẹn lágbára. Ṣùgbọ́n ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó: èyí tí wọ́n lò ní Japan, volt 100 ló ń jẹ, ti Amẹ́ríkà, 120. Iná tiwa ju 200 lọ. Tí ẹ bá kì í bọ iná láìní transformer, èéfín lẹ máa gbọ́ òórùn rẹ̀, kì í ṣe orin.

Tí a bá ti yanjú ọ̀rọ̀ iná àti ohm, ibi tí iṣẹ́ lámèyítọ́ gan-an wà la dé yìí. Ẹ fi Oroki Social Club sí i, àwo tí Haruna Ishola ṣe ní 1971. Kò sí gìtá níbẹ̀, kò sí fèrè. Àgídìgbo wà nísàlẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà lókè, ìlù àti ohùn wà láàárín. Lórí amplifier olóbéèsì, àgídìgbo ló máa gba gbogbo ilé, ẹ ó sì rò pé orin yìí ń yí po lójú kan náà ni. Lórí èyí tó ń ṣe ìlọ́po lásán, ẹ máa rí i pé kò sí ohun tó ń yí po. Ìlù ń dáhùn ọ̀rọ̀. Bí Haruna bá sọ ọ̀kan, ìlù á gbè é, nígbà míì á sì tẹ̀ síwájú kó tó parí ẹnu. A gbà pé ẹni méjì ló ń kọrin nínú àwo yẹn, ọ̀kan ní ẹnu, èkejì ò ní.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi Juju Music sí i, àwo tí King Sunny Adé ṣe fún ilé iṣẹ́ Island ní 1982, tí Martin Meissonnier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, jẹ́ olùdarí rẹ̀. Àwo tó gbé jùjú dé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó ni, a ò sì ní bù ú kù. Gìtá tó wà níbẹ̀ dà bí ẹni ń hun ẹní. Irin tí Démọ́lá Adépọ̀jù ń fà lórí steel guitar ń kọjá láàárín wọn bí afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ tó dáa á jẹ́ kí ẹ mọ àyè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jókòó sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan náà á jẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí nǹkan míì. Létí tiwa, gángan ò sí níwájú bó ṣe wà nínú àwo Haruna. Wọ́n fi í sáàárín ohun mèremère míì, ó wá di ọ̀ṣọ́ lára ọ̀ṣọ́. Ó ṣe é jó, ó ṣe é wò, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti bá a sọ̀rọ̀. Ẹ rántí pé nínú àwo tí Sunny ń ṣe fún wa nílé, orin kan lè gba odindi ojú àwo; nínú èyí, wọ́n gé wọn kéékèèké. Ẹni tí kò gbọ́ èdè ni wọ́n ń wò bí wọ́n ṣe ń to ohùn náà. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àmọ́ ó yẹ ká mọ̀.

Ẹ rí i báyìí? Amplifier tó dáa á tú àṣírí ẹni tí wọ́n ṣe àwo fún. Èyí tí kò dáa á sọ àwo méjèèjì di ọ̀kan náà: gbìm, gbìm, gbìm.

A mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa sọ ọ́ lọ́kàn pé, "Ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá wọ̀nyí, owó wà lọ́wọ́ yín jàre. Fóònù lèmi fi ń gbọ́ orin." Ọ̀rọ̀ gidi ni, ẹ jẹ́ ká dá a lóhùn. Ní 1935, wọ́n gbé rédíò alówáyà dé Èkó, èyí tí àwọn èèyàn wá sọ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Àpótí kékeré lára ògiri, kò ní béèsì kankan tá a lè fi yangàn. Nígbà tí rédíò Nàìjíríà wá di ti ara wa, gángan ni wọ́n fi ń kí aráyé kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń gbọ́ ọ sì máa ń fi oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Àpótí kékeré yẹn ò bo ọ̀rọ̀ ìlù mọ́lẹ̀. Nítorí náà, òṣùwọ̀n wa ò bèèrè owó. Yíaphone onírin tí kò fi béèsì kún orin lè ṣe ju sípíkà bluetooth tó ń gbọ̀n tábìlì lọ. Ẹni tó bá wá ní owó sípíkà olówó ńlá, ẹjọ́ tirẹ̀ tilẹ̀ le jù: kí ló fẹ́ wí tó bá ra ohun tó mọ́ bí omi, tó wá fi amplifier rú u?

Ẹlòmíì á ní, "Èmi ò gbọ́ èdè ìlù, kí ni màá fi ṣe?" Èyí ló dùn wá jù. Ọ̀pọ̀ nínú ìran wa ni kò gbọ́ ọ. Àmọ́ báwo lọmọdé ṣe ń kọ́ èdè? Ó ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ kó tó yé e. Tí ohun tó ń wọ etí wa láti kékeré bá jẹ́ gbìm nìkan, ibo la ti fẹ́ kọ́ ọ? Òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní ń jó o, ọ̀mọ̀ràn ní ń mọ̀ ọ́n. Kò sí amplifier tó lè sọ èèyàn di ọ̀mọ̀ràn. Ohun tó lè ṣe ni pé kó má dí ọ̀nà.

Báwo lẹ ṣe máa dán an wò lọ́jà? Ẹ gbé orin tẹ̀yin fúnra yín dání, èyí tí ẹ mọ̀ dáadáa. Ẹ má gbà kí oníṣọ́ọ̀bù fi tirẹ̀ sí i. Ẹ pa bọ́tìnnì béèsì àti loudness. Kí ẹ tó tan orin, ẹ gbé etí sún mọ́ sípíkà, kẹ́ ẹ gbọ́ bóyá ó ń hù. Ẹ wá tan orin, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó rọra dún, tó fi jẹ́ pé ẹ lè bá ara yín sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ìdánwò gan-an nìyẹn. Amplifier tó jẹ́ pé ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé e sókè nìkan lẹ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlù, kò wúlò fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé. Tí ẹ bá mọ àgbàlagbà kan tó gbọ́ ìlù, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó bá yín lọ. Tí ẹ bá délé, ẹ ta kọ́tìnnì sí ògiri búlọ́ọ̀kù yẹn, ẹ tẹ́ rọ́ọ̀gì sórí táìsì, ẹ sì fa sípíkà kúrò ní kọ̀rọ̀ yàrá, torí ògiri náà máa ń fi béèsì kún orin lọ́fẹ̀ẹ́.

Tó bá wá di pé ẹ jókòó, ẹ mú bírò àti ìwé. Ẹ gbọ́ orin kan lẹ́ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ kọ ohun tí ẹ rò pé ìlù sọ sílẹ̀, ì báà jẹ́ gbólóhùn kan péré. Ẹ fi han ẹlòmíì, kí ó bá yín jiyàn. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló wà nínú àwo àpàlà, sákárà, jùjú àti fújì tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ sílẹ̀ rí, àwọn tó gbọ́ ọ sì ń dàgbà. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní etí, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀.